Ìwọ̀n ọ́ìlì inú bẹntiróòlù Fẹ́sípà, àti ohun tó ń jẹ bíárìn kiráńkì gan-an

Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ti Fẹ́sípà wọn dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, níbí nílé-Ifẹ̀, lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gidi. Láti Ẹnuwá ni wọ́n ti ń tì í bọ̀. Mo sáré gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó ná, ẹ fẹ́ atẹ́gùn."

"Ariwo kan ló ń pa nísàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ àgbàdo gbígbẹ. Ọ́ìlì ló kéré, mo mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń fi kún un, kò gbọ́."

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Wọ́n ṣí àpótí iwájú Fẹ́sípà, wọ́n mú ìdérí ike kan jáde. Ìdérí méjì sí lítà kan, wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bu omi kún ìdérí náà, mo fi sírínjì fà á. Mílílítà 7 ni.

"Bàbá, ṣé ìdérí tí ẹ ń lò látijọ́ náà rèé?"

"Rárá o, ìyẹn ti sọ nù. Orí ike ọ́ìlì tuntun ni mo ti ṣí èyí."

Ìdérí méjì tó jẹ́ 7, mílílítà 14 ló bọ́ sínú lítà kan. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó gba 20 ń gba 14, ẹni tó ni ín sì fọkàn balẹ̀ pé nǹkan kan ò yí padà. Torí náà, òótọ́ ni Bàbá sọ, ọ́ìlì kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe ohun tó jẹ bíárìn nìyẹn, ìyẹn òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tí kiráńkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, jókòó sí. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí òun ni ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe nílé lónìí.

Ìdí tí ọ́ìlì fi ń bá bẹntiróòlù rìn

Mọ́tò àti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà òde òní ní ibi tí ọ́ìlì ń jókòó sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ó ń bu ọ́ìlì náà mu, ọ́ìlì á sì tún sàn padà sílẹ̀. Túù-sítíróòkù, irú ẹ́ńjìnnì tí Fẹ́sípà ní, kò ní irú ibẹ̀. Àpò kiráńkì rẹ̀ ni atẹ́gùn àti bẹntiróòlù ń gbà kọjá kí wọ́n tó gòkè lọ sórí písítìn. Ẹ kò lè da ọ́ìlì jókòó sójú ọ̀nà yẹn. Ọ́ìlì tí kiráńkì máa rí lò ni èyí tó bá bá bẹntiróòlù wọlé bí ìrì, tó fi díẹ̀ pa bíárìn méjèèjì tó gbé kiráńkì dúró, tó pa ti ìdí kọ́n-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so kiráńkì pọ̀ mọ́ písítìn) àti ti orí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ písítìn, kó tó gòkè lọ jóná. Ohun tó bá jóná kò padà wá mọ́. Tuntun ló gbọ́dọ̀ máa wọlé ní gbogbo ìgbà.

Ẹ wò ó báyìí: ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 83 ló ń yí kí ẹ tó sọ pé "ọ̀kan". Ìwọ̀nba ọ́ìlì bíńtín ló wà láàárín irin àti irin nígbà yẹn.

Kíka nọ́ńbà náà

Tí wọ́n bá kọ 50:1 sára ẹ̀rọ tàbí sínú ìwé rẹ̀, bẹntiróòlù àádọ́ta ìwọ̀n sí ọ́ìlì ìwọ̀n kan ni. Òun náà ni 2%. Nínú lítà kan, mílílítà 20 ni. 40:1 jẹ́ mílílítà 25, 33:1 jẹ́ 30, 25:1 jẹ́ 40, 20:1 sì jẹ́ 50, èyí tí àwọn ìwé kan ń pè ní 5%.

Ìwọ̀n wo ni ti Fẹ́sípà yín? Ó sinmi lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún 1946 ni ilé iṣẹ́ Piaggio gbé Fẹ́sípà àkọ́kọ́ jáde ní Ítálì. Lára àwọn ti ìgbà náà, písítìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún bẹntiróòlù, 5% ni púpọ̀ nínú wọn sì ń mu. Nígbà tó di òpin àwọn ọdún 1950, Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara kiráńkì ṣe ilẹ̀kùn náà: ẹ̀gbẹ́ kiráńkì ń yí kọjá lójú ihò, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Àpòpọ̀ wá ń bọ́ tààrà sórí kiráńkì àti bíárìn rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí 2% tó wọn. Irú Fẹ́sípà tí wọ́n ń pè ní PX, tó jáde lọ́dún 1977, tó sì jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń tún ṣe, 2% ni tirẹ̀. Ti Bàbá náà, PX ni.

Àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour", ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Túù-sítíróòkù ni, 50:1 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sí i lára. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí àwọn agégi-lẹ́dú fi ń gé igi. Kí n sọ òótọ́, àwọn agégi-lẹ́dú tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló mọ ìwọ̀n jù nínú gbogbo oníbàárà mi, torí tí ẹ̀rọ bá kú sí wọn lọ́wọ́ nínú igbó, oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa pò ó

Ẹ lọ sí kẹ́míìsì, ẹ ra sírínjì onímílílítà 20 kan, ẹ ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Fún 2%, sírínjì kan kíkún ni lítà kan. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni ìdí bẹntiróòlù. Ọ̀pọ̀ wa kì í ra lítà, owó la ń rà: "Ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún." Èyí tó bá wọlé lè jẹ́ 5.4, ó lè jẹ́ 4.8, bí owó epo ṣe rí lọ́jọ́ náà ni. Ẹ wo ojú pọ́ǹpù, ibi tó ń ka lítà, kì í ṣe ibi tó ń ka owó. Ẹ fi 20 sọ iye yẹn di púpọ̀: lítà 5.4 yóò gba mílílítà 108, ìyẹn sírínjì márùn-ún àti mílílítà 8. Táńkì PX gba lítà 8, ó jẹ́ 160. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yóò gba 500, ìdajì lítà géérégé. Tó bá jẹ́ gálọ̀nù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì lásìkò ọ̀wọ́n epo, ẹ má fojú gbà pé lítà 4 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ike omi onílítà kan wọ̀n ọ́n.

Ẹ má ṣe da ọ́ìlì sínú táńkì kí ẹ tó wá da bẹntiróòlù lé e lórí, kí ẹ wá mi Fẹ́sípà lọ mi í bọ̀. Ọ́ìlì tútù wúwo. Ó lè wálẹ̀ lọ sí ìdí táńkì, kó gba ẹnu ọ̀nà kábúrétọ̀: ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́ èéfín àti pọ́lọ́ọ̀gì tó rin gbindin, èyí tó bá wá tẹ̀ lé e kò ní ọ́ìlì tó pé nínú mọ́. Kẹ́ẹ̀gì mímọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ da ìdajì bẹntiróòlù sí i, ẹ da gbogbo ọ́ìlì lé e, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa títí àwọ̀ rẹ̀ fi dọ́gba. Ẹ wá da ìyókù sí i, ẹ tún mì ín. Ẹ fi àrọ tó ní asẹ́ dà á sí táńkì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ó jìnnà sí sítóòfù àti sí ẹni tó ń mu sìgá. Ẹ má sì fi ẹnu fa bẹntiróòlù. Mo ti rí i tí ọmọṣẹ́ kan gbé e mì, ojú tí ìyá rẹ̀ fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi.

Èyí tí ẹ máa lò láàárín oṣù kan péré ni kí ẹ pò. Bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì ti pàdánù agbára rẹ̀, omi sì lè ti kóra jọ sí ìdí rẹ̀.

Irú ọ́ìlì

Ọ́ìlì túù-sítíróòkù ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì mọ́tò. Àtìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023 ni mo ti ń rí èyí: èèyàn á bu èyí tó ṣẹ́kù nígbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò, á dà á sí jẹnẹrétọ̀, "ọ́ìlì ṣáà ni ọ́ìlì." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà onírin wà nínú ọ́ìlì mọ́tò, bíi káṣíọ́ọ̀mù àti síńkì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jóná. Eérú ni wọ́n ń dà. Eérú náà á lẹ̀ mọ́ orí písítìn, á dí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì, á sì máa pọ́n bí ẹyin iná, kó máa dáná kí àkókò iná tó tó.

Lẹ́yìn ike ọ́ìlì túù-sítíróòkù, ẹ wá àmì JASO, ìyẹn àmì ìwọ̀n dídára ọ́ìlì tó wá láti Japan. FB ló kéré jù nínú àwọn tí ẹ máa rí, FC kì í rú èéfín púpọ̀, FD ló ń fọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́ jù. FC tàbí FD ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí, ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni, tí omi ń tù lára. Ẹ́ńjìnnì Fẹ́sípà tí atẹ́gùn nìkan ń tù nínú oòrùn Ifẹ̀ gbóná ju ìyẹn lọ. Wọ́n máa ń po àwọ̀ mọ́ ọ́ìlì túù-sítíróòkù, pupa, ewé tàbí búlúù, kí ẹ lè mọ kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti pò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò tíì pò. Àwọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe dára tó.

Ẹ má sáré fi ọ́ìlì kún un

Ohun tí Bàbá ṣe nìyí, ohun tí gbogbo èèyàn sì ń ṣe nìyí: ẹ́ńjìnnì pariwo, wọ́n fi ọ́ìlì kún un. Bíárìn tó ti gbẹ́ kò ní san padà nítorí ọ́ìlì. Ohun tí ọ́ìlì àpọ̀jù máa ṣe ni kó di èédú sí ẹnu ọ̀nà èéfín àti sínú sáìlẹ́ńsà, kó sì máa pa pọ́lọ́ọ̀gì. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà. Ihò kábúrétọ̀ kì í tóbi sí i nítorí pé ẹ yí àpòpọ̀ padà. Ìwọ̀n omi kan náà ló ń jẹ́ kó kọjá. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ nínú omi yẹn, bẹntiróòlù ló dín kù, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná díẹ̀ sí i, kò ní tutù. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà òdì ló gbà.

Torí náà, ìwọ̀n tí ìwé sọ ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá ohun tó ń pariwo.

Fífi etí àti ọwọ́ wá a

Bíárìn tó gbé kiráńkì máa ń kùn ni, ìkùn náà á sì máa ga bí ẹ bá ṣe ń fa tọ́rọ́tù. Ti ìdí kọ́n-rọ́ọ̀dù máa ń kan gbà-gbà-gbà, pàápàá tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ti orí kọ́n-rọ́ọ̀dù fẹ́rẹ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń mi owó ẹyọ nínú agolo. Ẹ fi ẹnu sikirudíráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sí egungun ẹ̀yìn etí. Ibi tó bá ti pariwo jù ni kí ẹ fọkàn sí.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú ìbòrí fùláwíìlì, àgbá irin tó ń bá kiráńkì yí, kúrò. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di fùláwíìlì mú, kí ẹ gbé e sókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mì lọ́nà yẹn rárá. Tó bá mì, tàbí tí ẹ bá rí i pé inú rẹ̀ ti ń ha kọ́ìlì lára, bíárìn ti lọ. Ẹ má gùn ún délé "díẹ̀díẹ̀". Ẹ rántí pé lára Fẹ́sípà wọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ kiráńkì ni ilẹ̀kùn, ààyè tó wà láàárín òun àti ara ẹ́ńjìnnì kéré gan-an. Kiráńkì tó bá ń gbọ̀n á gbẹ́ ibẹ̀. Bíárìn ṣe é rà lọ́jà. Ojú ilẹ̀kùn tó ti ha, òun àti gbogbo ara ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa pààrọ̀.

Tí fùláwíìlì bá dúró gírí, ẹ ṣí orí síléńdà, kí ẹ fa síléńdà jáde. Ẹ di kọ́n-rọ́ọ̀dù mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í wálẹ̀. Tó bá mì lápá ọ̀tún àti òsì díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Tí ẹ bá ń gbọ́ "kọ́" nígbà tí ẹ ń fà á sókè tí ẹ ń tì í sílẹ̀, ìdí rẹ̀ ti jẹ.

Ojú bíárìn kò ní purọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń dùn mọ́ mi. Tí ẹ bá ti yọ bíárìn, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ẹ yí i wò.

Èyí tí àìtó ọ́ìlì pa, àwọ̀ rẹ̀ á ti yí padà: pupa rúsúrúsú, tàbí búlúù bí irin tí alágbẹ̀dẹ yọ nínú iná. Ìdè tó ń ya àwọn bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ á ti fọ́ tàbí kó ti fẹ́rẹ̀ fọ́. Èyí tí eruku pa kò ní yí àwọ̀, ojú rẹ̀ á kàn ṣú ni, bí ẹni pé wọ́n fi ìwé oníyanrìn ha á. Ẹ yẹ asẹ́ atẹ́gùn wò. Lásìkò ọyẹ́, eruku ojú ọ̀nà ilẹ̀ wa kì í ṣe kékeré.

Èyí tí ìpẹtà pa máa ń ní ihò ṣínṣín lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Ẹ wo bí àwọn àpá náà ṣe jìnnà síra: bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà síra ni. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan, omi gbà ààrin bọ́ọ̀lù àti ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Tí àpá náà bá jìnnà síra bákan náà, ṣùgbọ́n tó ń dán, tí kò ní ìpẹtà, òòlù ni. Ẹnìkan ló lù ú wọlé.

Bíárìn Bàbá ní ihò ìpẹtà. Kò pọ́n, kò di búlúù. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní Fẹ́sípà náà wà lábẹ́ òrùlé páánù fún òjò méjì nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Òjò méjì! Ìdérí ike tuntun kàn bá a níbi tó ti ń kú lọ ni.

Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní gùn ún fún ìgbà pípẹ́, ẹ ti ẹ̀rọ tó ń dá bẹntiróòlù dúró nísàlẹ̀ táńkì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó wà nínú kábúrétọ̀ tán. Ẹ ṣí pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ ta mílílítà 5 ọ́ìlì túù-sítíróòkù síbẹ̀, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ sí i nígbà mélòó kan kó lè tàn kálẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí bọ́ọ̀lù má bàa dúró sójú kan.

Ọ́ìlì síìlì, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Síìlì méjì, òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì tàbí atẹ́gùn kọjá, ló dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kiráńkì. Ti ẹ̀gbẹ́ fùláwíìlì, tó bá le tó sì sán, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé láìgba kábúrétọ̀ kọjá. Ẹ́ńjìnnì á máa sáré nígbà tí ẹ ti fi tọ́rọ́tù sílẹ̀, kò ní tètè wálẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì á funfun. Ẹ dá a dúró kíá, kí písítìn tó gán. Ti ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ní ìwà tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì gíà mu, èéfín á nípọn, ó sì lè dà bíi pé ọ́ìlì àpòpọ̀ ló pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á wá dín ọ́ìlì inú bẹntiróòlù kù. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń pa bíárìn? Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì gíà. PX ń gba mílílítà 250, SAE 30 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó). Tó bá ti dín, tí kò sì jò síta, inú ló ń lọ.

Ní ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: tí ẹ bá ń ti Òkè-Ìtasẹ̀ sọ̀kalẹ̀, tàbí tí ẹ rìnrìn àjò kọjá Iléṣà lọ sí ọ̀nà olókè ẹ̀bá Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí ẹ pa tọ́rọ́tù dé pátápátá nínú gíà, ẹ́ńjìnnì ń sáré ṣùgbọ́n kò mu bẹntiróòlù tó nǹkan. Kò mu bẹntiróòlù, kò mu ọ́ìlì nìyẹn. Ẹ máa fa tọ́rọ́tù fìrí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú kó rọra máa yí.

Fífi tuntun sí i

Lára òrùka bíárìn, ẹ wá C3 lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi 6204 C3. C3 túmọ̀ sí pé ààyè inú rẹ̀ ju ti èyí tí wọn kò kọ nǹkan sí lọ díẹ̀. Kiráńkì túù-sítíróòkù ń gbóná, irin ń wú, ó nílò ààyè yẹn. Nọ́ńbà tó bá ara èyí tí ẹ yọ mu ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí ẹ kàn fojú díwọ̀n. Ẹ ra síìlì tuntun pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá tú kiráńkì tó dá síìlì àtijọ́ padà ń ṣeré ni.

Tí bíárìn àtijọ́ bá ti fọ́, ẹ fọ gbogbo ihò ara ẹ́ńjìnnì, títí kan àwọn ọ̀nà tó gòkè lọ sí síléńdà. Ègé irin kan tó bá ṣẹ́kù á ṣe iṣẹ́ ibi tirẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Iléṣà, mo fi òòlù gbá bíárìn wọ ara ẹ́ńjìnnì, òrùka inú ni mo ń lù. Ó wọlé, ó yí wẹ́rẹ́, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí onítọ̀hún fi padà dé, ẹ́ńjìnnì ń kùn bí oyin. Ọ̀gá mi yọ ọ́, wọ́n fi àpá mẹ́jọ tó ń dán hàn mí, ọ̀kan lábẹ́ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi okùn gbé e kọ́ orí àpótí irinṣẹ́ mi, ó wà níbẹ̀ títí mo fi gba ìyọ̀ǹda.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo fi ọ́ìlì pa bíárìn, mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e fún ìyá ẹlẹ́ja tó wà lódìkejì títì kí wọ́n bá mi fi sí fíríìsà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, wọ́n ní, "Kí ni irin ń wá láàárín títúsì mi?" Wọ́n ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ní òwúrọ̀, mo gbé ara ẹ́ńjìnnì tí mo ti fọ̀ tó ti gbẹ, tí kò ní òórùn bẹntiróòlù kankan mọ́, sórí sítóòfù oníná mànàmáná. Tí ẹ̀kán omi bá kàn án tó fò tó sì gbẹ lẹ́sẹ̀kan náà, ó ti gbóná tó, bí ìwọ̀n 100°C. Nígbà náà, bíárìn tútù á kàn bọ́ sílé rẹ̀, ẹ óò gbọ́ "tọ́". Tó bá dúró lágbede méjì, òrùka ìta ni kí ẹ fi nǹkan tẹ̀, òrùka ìta bíárìn àtijọ́ dára fún un. Òfin kan ṣoṣo ló wà: òrùka tó le mọ́ ibi tó ń wọ̀ ni kí agbára bá. Tó bá ń wọ ara ẹ́ńjìnnì, ti ìta. Tó bá ń wọ ara kiráńkì, ti inú.

Ẹ ta ọ́ìlì túù-sítíróòkù sí gbogbo bíárìn kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì dé, kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ pa ẹnu síìlì. Ẹ fi ọwọ́ yí kiráńkì. Ó gbọ́dọ̀ yí láìgán níbì kankan.

Táńkì àkọ́kọ́

Fún táńkì àkọ́kọ́ nìkan, mílílítà 30 sí lítà kan ni mo máa ń pò. Kò sí sísáré gidi, kò sí gbígbé èèyàn méjì gun òkè, ẹ má sì fi sí orí ìsáré kan náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ padà sí 20. Ẹ ṣí pọ́lọ́ọ̀gì wò: àwọ̀ bíi ti gaàrí tí wọ́n yan ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀ ló dára. Funfun, ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Dúdú tó rin, ẹ tún ìwọ̀n yín yẹ̀ wò, kí ẹ sì wo ọ́ìlì gíà.

Ọjọ́ kẹta tí Bàbá gbé Fẹ́sípà wọn lọ, wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi, èéfín rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sírínjì tó o fún mi yìí, ṣé kò tóbi jù?"

"Rárá, sà. Ọ́ìlì tí ẹ ti ń fi kún un tẹ́lẹ̀ ló kún inú sáìlẹ́ńsà, òun ló ń jó. Ẹ gùn ún dé Ẹdúnàbọ̀n kí ẹ padà. Tó bá pé táńkì kejì tí kò dín, ẹ gbé e wá kí n wo síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì."